Ilé Oníkọ́kọ́rọ́ Kan

Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kọ́kọ́rọ́, dípò ìràwọ̀, díwọ̀n ipò àwọn ilé ìgbàlejò onílé-ìdáná ní Gran Canaria, erékùṣù Sípéènì tó wà lójú òkun Àtìláńtíìkì. Oníkọ́kọ́rọ́ kan ni ti ẹni tó ń ṣọ́wó ná.

Ní Playa del Inglés ní erékùṣù náà, níbi tí àwọn ará Ìlú Ọba àti Jámánì ń sá fún òtútù wá, wọ́n á ní yàrá kan gba ènìyàn mẹ́rin. Òótọ́ ni, bí méjì bá gbà láti sùn sórí àga tó ń di bẹ́ẹ̀dì, tí irin àárín rẹ̀ ń gún ni níhà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ilé ìdáná ńkọ́? Sítóòfù olójú méjì, ìkòkò tí ìdérí rẹ̀ ti bá àlejò àná lọ, ọ̀bẹ tí kò lè gé tòmátì. Àmọ́ irin tí wọ́n fi ń ṣí wáìnì mú ṣáṣá! Ọmọ Yorùbá tó gbé gaàrí wá láti London kò mikàn: omi gbígbóná nìkan ni ẹ̀bà ń fẹ́.

Ibi adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ni ogun wà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn kan ti fi táwẹ̀lì gba àga, wọ́n ti padà lọ sùn.

Etíkun kò ní ìjà ní tirẹ̀. Iyanrìn lọ rẹrẹẹrẹ títí dé òkìtì Maspalomas, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹ̀yin tó ń lọ, ẹ mú ọ̀bẹ dání, àmọ́ inú ẹrù abẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ni kí ẹ fi sí o, kì í ṣe báàgì ọwọ́.