Ẹ Páàkì Ọkọ̀ Yẹn, Bàbá Káyọ̀dé

Ìyá Bọ́sẹ̀: Bàbá Káyọ̀dé o! Mo lo òpin ọ̀sẹ̀ l'Óṣogbo. Ẹsẹ̀ ni mo fi rin gbogbo ẹ̀.

Bàbá Káyọ̀dé: Òkú ni àbí ìgbéyàwó?

Ìyá Bọ́sẹ̀: Iṣẹ́ ọnà ni mo lọ wò.

Bàbá Káyọ̀dé: Kí ló wà níbẹ̀? Èmi tí mo wa bọ́ọ̀sì gba Òṣogbo kọjá títí mo fi fẹ̀yìn tì!

Ìyá Bọ́sẹ̀: Kí lẹ wá rí?

Bàbá Káyọ̀dé: Kòtò, gáréèjì, ẹ̀bà.

Ìyá Bọ́sẹ̀: Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀nà Ìbòkun, ilé alájà kan wà tí wọ́n kọ́ bíi ti àwọn Àgùdà, tí ère kún inú ẹ̀. Ilé Susanne Wenger ni, ará Austria tá a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà. Níbẹ̀ ló gbé darúgbó, títí tó fi kú ní 2009.

Bàbá Káyọ̀dé: Òyìnbó ló wá kọ́ wa ní ère?

Ìyá Bọ́sẹ̀: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Àwọn tí wọ́n jọ ṣe é ni kẹ́ ẹ bi mí. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí.

Bàbá Káyọ̀dé: Bíríkìlà! Èyí tó kọ́ ilé mi, ó gbé fèrèsé sódì.

Ìyá Bọ́sẹ̀: Ti Àkànjí ò sódì o. Sìmẹ́ńtì tí tiyín fi ń rẹ́ ògiri ló fi mọ ère. Jimoh Buraimoh ńkọ́? Iná ló ń bójú tó nínú ẹgbẹ́ eré Dúró Ládípọ̀ kó tó di ẹni tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán. Ijó ni Twins Seven Seven ń jó fún olóògùn tó ń polówó kiri nígbà tó dé Òṣogbo ní 1964. Mbari Mbayo gan-an, ibùdó iṣẹ́ ọnà tí gbogbo wọn ń rọ́ lọ, ilé ọtí Dúró ni wọ́n sọ di bẹ́ẹ̀ ní 1962.

Bàbá Káyọ̀dé: Ilé ọtí? Ọ̀rọ̀ yín ti ń wọ̀ mí létí.

Ìyá Bọ́sẹ̀: Mo yà lọ́dọ̀ Nike Okundaye náà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní àdìrẹ. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n ń tì bọ ẹ̀kọ láfún, wọ́n á fi ya iṣẹ́ sára aṣọ. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró ò ní í mú un.

Bàbá Káyọ̀dé: Ẹ̀kọ tí èèyàn ì bá jẹ!

Ìyá Bọ́sẹ̀: Ẹ tún gbọ́! Igbó Ọ̀ṣun ni mo fi parí ẹ̀. Nígbà tí Àdùnní débẹ̀, ikán ti ń jẹ ojúbọ. Òun àti Àkànjí pẹ̀lú àwọn yòókù ló tún un mọ, UNESCO sì fi í sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ní 2005. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó rí ère láàárín igi, ẹ ó kọ́kọ́ rò pé èèyàn ni. Ẹsẹ̀ lẹ ó fi rìn ín o.

Bàbá Káyọ̀dé: Orúnkún mi…

Ìyá Bọ́sẹ̀: Orúnkún tó ń jó lóde àríyá?

Bàbá Káyọ̀dé: Ó dáa. Ta ni yóò san owó ẹnu ọ̀nà?

Ìyá Bọ́sẹ̀: Mo gbọ́ pé Káyọ̀dé fowó ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù lánàá.