Ìjàpá Ta Etí Títì fún Àgbọ̀nrín

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, kò balẹ̀ sílé, kò balẹ̀ sóko, orí òkè Colorado ní Amẹ́ríkà ló balẹ̀ sí. Ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo àti àwọn ẹran ibẹ̀.

Lọ́dún tí gbogbo ayé ń jápa, Ìjàpá náà jápa. Ẹ má bi mí ẹni tó fún un ní físà. Ó bá àwọn ẹran nínú ìpayà, nítorí àsìkò ọdẹ ti wọlé. Ọdẹ ibẹ̀ kì í sì í bora bíi tiwa. Òfin ní kí ẹni tó ń fi ìbọn ṣọdẹ ẹran ńlá wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò, kó dé fìlà rẹ̀ mọ́ ọn, kí ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà fi òun náà ṣe ẹran. Láti 2016, wọ́n tún gba píǹkì láàyè. Béárì kọ́kọ́ rò pé ìjọ kan ló ń ṣe ìkórè.

Ìjàpá wúkọ́ lójú ìpàdé, ó fa ìwé kan yọ lábẹ́ igbá ẹ̀yìn rẹ̀. “Ẹ̀yin ará mi, ìjọba ti dáàbò bò yín tipẹ́, àìkàwé ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Ọdẹ kò gbọdọ̀ jókòó sínú ọkọ̀ yìnbọn. Kò gbọdọ̀ yìn ín gba orí títì kọjá. Kò gbọdọ̀ yìn ín bí kò bá tíì jìnnà tó 50 ẹsẹ̀ bàtà sí àárín títì. Ta ló wá lè pa ẹni tó bá kọ́lé sí etí títì?”

Èèrà béèrè pé ẹsẹ̀ bàtà ta ni. Ehoro ní tòun le díẹ̀: “Ṣé ibi tí ọdẹ dúró ni òfin ń wọ̀n ni, àbí ibi tí ẹran dúró?”

“Ìbéèrè yẹn ní owó tirẹ̀,” ni Ìjàpá wí.

Bí Ìjàpá ṣe di ọmọ onílẹ̀ nìyẹn. Ó gba owó ilẹ̀, ó gba owó ìwé, ó gba owó ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò ní bíríkì kan. Ọ̀kẹ́rẹ́ kó gbogbo èso tó fi pamọ́ de òtútù fún un. Bàbá Àgbọ̀nrín jẹ́jẹ̀ẹ́ ìwo rẹ̀. Béárì olówó ra ìtòsí àgọ́ àwọn arìnrìn-àjò afẹ́, nítorí nínú igbó ìjọba àpapọ̀, ọdẹ kò gbọdọ̀ yìnbọn láàárín 150 yáàdì sí ibẹ̀. Inú kúlà oníkúlà ló sì ti ń jẹun alẹ́. Wọ́n lẹ páálí mọ́ igi: ILẸ̀ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ, Ẹ ṢỌ́RA FÚN 419.

Lálẹ́, wọ́n tò sójú títì, Bàbá Àgbọ̀nrín ń lé orin:

Ọ̀nà ọba la wà o,
*Àádọ́ta ẹsẹ̀ bàtà.*
Ọdẹ kò gbọdọ̀ yìnbọn,
*Àádọ́ta ẹsẹ̀ bàtà.*
Ìwé wa ń bẹ lọ́wọ́ o,
*Àádọ́ta ẹsẹ̀ bàtà.*
Kí ló tan iná méjì bọ̀ yìí?
*Àádọ́ta ẹsẹ̀...*

Tírélà ni.

Kí ẹyẹ Ìwò tó balẹ̀ sórí òkú Bàbá Àgbọ̀nrín, Ìjàpá ti yọ ìwo rẹ̀, gbèsè ni gbèsè ń jẹ́. Èèyàn tó bá tiẹ̀ fẹ́ gbé irú ẹran bẹ́ẹ̀ lọ sílé gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ láàárín wákàtí 48. Ìwò nìkan ni kò tò gbàwé.

Àwọn ẹran gbé igi, wọ́n ń wá Ìjàpá kiri. Ó sá débi kọ́nà kan, ó bá Àgbọ̀nrín àjèjì kan, ó sanra, ó dúró ṣánṣán sétí títì. Ìjàpá kí i, kò dáhùn. “O dúró sórí ilẹ̀ mi, o ò sì lè kí èèyàn?” Ẹran náà rọra yí orí, ó ju ìrù lẹ́ẹ̀kan.

Ọkọ̀ kan rọra dúró. Ẹnu ìbọn yọ lójú fèrèsé. Gbòlà! Ẹran náà kò ṣubú. Ó tún ju ìrù. Àfi bí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó méjì ṣe fò jáde nínú ìgbẹ́, ọ̀kan gba ìbọn, èkejì ń kọ̀wé ìtanràn.

Àwọn tó ń lé Ìjàpá sọ igi sílẹ̀. Ìyàwó Àgbọ̀nrín tó di opó ló kọ́kọ́ lahùn: “Ta nìyẹn, tí ìjọba fi ẹ̀ṣọ́ méjì ṣọ́?”

Ìjàpá fọwọ́ kan ìdí ẹran náà. Ó le gbagidi. Awọ ni wọ́n fà bò ó. Bátìrì ló ń ju ìrù. Ó ronú díẹ̀, ó sì fa ìwé tuntun yọ lábẹ́ igbá ẹ̀yìn rẹ̀.

“Ó ti kú tẹ́lẹ̀ ni,” ló wí. “Ààbò tó ga jù lọ nìyẹn. Fọ́ọ̀mù, òwú, bátìrì méjì. Owó ìránṣọ lọ́tọ̀.”

Ehoro bú sẹ́rìn-ín, ó wọgbó lọ. Ṣùgbọ́n opó wo títì, ó wo igbó, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé:

“Ṣé ẹ máa ń gbà á díẹ̀díẹ̀?”