Mọ́nítọ̀ Tòkunbọ̀ àti Òǹrajà Tó Mọ Ọjà Rà

Mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ ni ojú kọ̀ǹpútà tí àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun ti lò títí tí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀, tí àwọn oníṣòwò wá kó wá sí ọjà bíi Computer Village ní Ìkẹjà, tí wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n sì ń tà á ní owó pọ́ọ́kú. Àtúnṣe yìí kò rí bákan náà lọ́wọ́ gbogbo wọn, nítorí pé àwọn kan máa ń tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, tí wọn yóò sì pààrọ̀ kàpásítọ̀, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó ń mú kí iná inú ẹ̀rọ dúró déédéé, nígbà tí àwọn mìíràn kàn ń fi aṣọ tútù nu ojú rẹ̀.

Òǹrajà tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí, tí kì í ṣe ẹlòmíràn bí kò ṣe ẹni tó kọ ọ́, nílò mọ́nítọ̀ fún yàrá tó fi ń ṣiṣẹ́ nílé, ó sì dá ara rẹ̀ lójú débi pé kò mú kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ lọ sọ́jà láti fi dán an wò. Ó kan ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ná an títí ọlọ́jà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀, ọ̀rọ̀ kan, No Signal, yọ lójú rẹ̀, ó sì ń rìn káàkiri. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i pé ó ń ṣiṣẹ́?” Ẹ̀gbọ́n rí i, ó sì sanwó. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ ni pé ẹ̀rọ kò rí àwòrán kankan gbà. Inú mọ́nítọ̀ fúnra rẹ̀ ló sì ti ń wá, nítorí náà kò lè jẹ́rìí sí i pé ihò tí àwòrán ń gbà wọlé ṣì dára.

Ihò ọ̀hún jẹ́ ti VGA, èyí tó ní ojú 15, tó sì ń gba àwòrán gẹ́gẹ́ bí iná tó ń ròkè tó ń rodò, bẹ́ẹ̀ sì ni HDMI tó wà lára kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń fi àwòrán ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí òǹkà. Wáyà lásán kò lè sọ ọ̀kan di èkejì, àfi èyí tó ní ẹ̀rọ ayípadà nínú. Wáyà lásán ni òǹrajà rà, nítorí pé òun ni kò wọ́n. Ó bú iná ìjọba, ó pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó fura sí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó tó gba kámú lọ ra ayípadà.

Àwòrán wá yọ. Àmọ́ mọ́nítọ̀ ayé àtijọ́ ni, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 5 sí gíga 4, tí kọ̀ǹpútà sì jẹ́ 16 sí 9, nítorí náà gbogbo ohun tó bá wà lójú rẹ̀ ló ń fún, tó sì ń gùn. Nínú ìpàdé orí Zoom, òǹrajà fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ pé ṣé kò sí àìsàn, nítorí pé wọ́n ti rù jù. Ọ̀gá náà, tí kò rù rárá, dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ọ̀pá iná tó ń tànmọ́lẹ̀ lẹ́yìn irú mọ́nítọ̀ bẹ́ẹ̀ tún máa ń rẹ̀ bó bá ti dàgbà, débi pé ìwé funfun pọ́n lójú rẹ̀ bíi gàrí elépo. Ti ẹsẹ̀ mọ́nítọ̀ kò tilẹ̀ gba àlàyé púpọ̀: orí nìkan ni wọ́n tà fún òǹrajà, ìwé atúmọ̀ èdè méjì ló sì gbé e ró.

Nígbà tó dá a padà, ọlọ́jà ní owó kò ní padà, ṣùgbọ́n àwọn lè pààrọ̀ rẹ̀, tí òǹrajà bá ti mú kọ̀ǹpútà tí wọn yóò fi dán an wò wá. Òǹrajà fi ìgbéraga yọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti inú báàgì, ó tẹ̀ ẹ́, kò tàn. Iná ti tán nínú bátìrì rẹ̀, ṣájà sì wà nílé.