Bọ̀dá Méjìléláàádọ́ta

Kò sí àdúgbò tí kò ní tirẹ̀. Níbi iṣẹ́ yín, òun ni ọ̀gá tó máa ń gbé ìwé sórí tábìlì kó tó gbé kọ̀ǹpútà sí i. Nínú ìjọ yín, òun ni olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi tí kì í sọ gbólóhùn mẹ́ta kó má ní "nínú ìwé kan tí mo kà láìpẹ́ yìí." Nínú ẹbí, òun ni wọ́n ń pè ní ọ̀mọ̀wé, bẹ́ẹ̀ kò sí yunifásítì tó fún un lóyè náà. Orúkọ tí a ó fi pè é níhìn-ín ni Bọ̀dá Méjìléláàádọ́ta, nítorí iye ìwé tó ń kà lọ́dún nìyẹn: ọ̀sẹ̀ 52, ìwé 52. Kì í dín, kì í lé. Àìsàn kò dí i lọ́wọ́, ìnáwó kò dí i lọ́wọ́. Ọdún tí ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì pàápàá, 52 náà ló kà.

Bí oṣù Kejìlá bá ti dé ìdajì, tí ọyẹ́ ń fẹ́, tí oníkálukú ń ṣírò iye tí adìẹ ọdún yóò gbà lọ́wọ́ òun, ìṣirò ti Bọ̀dá yàtọ̀. Yóò kó ìwé rẹ̀ sórí tábìlì àárín pálọ̀, yóò tò wọ́n lé ara wọn, ńlá nísàlẹ̀, kékeré lókè, yóò kọ ẹ̀yìn wọn síta kí orúkọ lè hàn. Yóò gbé òdòdó ọ̀rá sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò gbé ife tíì sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ife náà ṣófo. Ẹ̀rù ń bà á kí tíì má lọ dà sórí ìwé, nítorí ó yá méjì nínú wọn ni. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ni yóò gbé fóònù dání, Bọ̀dá yóò sì máa pàṣẹ: "Sún mọ́ ọn díẹ̀. Má jẹ́ kí fáànù hàn." Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwòrán ti dé orí WhatsApp àti Facebook: "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ìwé 52 lọ́dún yìí. Lọ́dún tó ń bọ̀, 60. Ìwọ ń kọ́?"

Ìkíni a máa rọ́ wọlé. "Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, sà." "Kí Ọlọ́run fi kún ọgbọ́n yín." "Ẹ fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí wa o." Ó di ìgbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọn ò kọ́ dáadáa nílé bá béèrè pé, "Bọ̀dá, èwo lẹ gbádùn jù?" Bọ̀dá yóò ronú títí. Yóò kọ ọ́, yóò pa á rẹ́, yóò tún un kọ. Láti ọdún dé ọdún, ìdáhùn rẹ̀ kì í yí padà: "Gbogbo wọn ló dáa o."

Kí a má parọ́ mọ́ ọn, Bọ̀dá kì í ṣe òpùrọ́. Gbogbo ìwé tó bá ní òun kà, ojú rẹ̀ kàn án, tàbí kí etí rẹ̀ kàn án. Ti etí ló pọ̀ jù. Ìkòròdú ló ń gbé, Erékùṣù Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́, kí aago márùn-ún ìdájí tó lù ló ti ń jáde nílé. Afárá Third Mainland gùn ju kìlómítà 11 lọ, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ sì lè sọ ọ́ di ọ̀nà Ìlọrin. Ibẹ̀ ni Bọ̀dá ti ń fetí sí ìwé tí ẹlòmíì ti kà sínú ẹ̀rọ. Àmọ́ bí olùkàwé bá ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ èèyàn ṣe ń sọ ọ́, ìwé kan lè gba ọ̀sẹ̀ méjì, ìyẹn á sì da ìṣirò rú. Bọ̀dá ti wá nǹkan ṣe sí i: ó ti sọ eré rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Opó tó ń sunkún nínú ìtàn yóò sunkún tán kí Bọ̀dá tó pààrọ̀ jíà. Nígbà tí ọkọ̀ bá fi máa yà sí Adéníji, èèyàn mẹ́ta ti kú nínú ìwé, Bọ̀dá ò sì mọ̀ bóyá ẹni tí ìtàn dá lé lórí wà lára wọn.

Ó ní ojú-ewé kan lórí Goodreads, ìkànnì àwọn òǹkàwé, tó ń bá a ṣọ́ iye. Bó bá falẹ̀ díẹ̀, wọ́n á sọ fún un pé ìwé mẹ́ta ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọjọ́ tó bá rí irú rẹ̀, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ ni yóò máa wá kiri. Ó mọ àwọn ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ́ ṣe mọ ẹnu. Ó ti fi ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo ka Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá àti Baṣọ̀run Gáà ti Adébáyọ̀ Fálétí rí, ó sì kọ ọ́ síta pé àṣà Yorùbá lòun ń gbé lárugẹ. Bí àwọn ìbejì bá gbé Aláwíyé ti J. F. Ọdúnjọ wálé láti ṣiṣẹ́ àṣetiléwá, á bá wọn kà á: ìwé kìn-ín-ní, ìwé kejì, ìwé kẹta, ìrọ̀lẹ́ kan péré. Ìwé ìfọkànsìn tí ìjọ ń tẹ̀ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, mẹ́rin nìyẹn lọ́dún. Nígbà tó ra The 48 Laws of Power ti Robert Greene lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri ìwé láàárín ọkọ̀, ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni bóyá òfin kọ̀ọ̀kan kò lè dá dúró bí ìwé kan. Ìwé mẹ́rin péré ni ì bá kù kó wá. Ẹ̀rí-ọkàn ni ò jẹ́.

Bí Yorùbá bá fẹ́ yin ọpọlọ ẹnì kan, wọ́n á ní orí rẹ̀ pé bíi ti Alájọ Ṣómólú, bàbá tí wọ́n ní ó ń gba àjọ lọ́wọ́ àìmọye èèyàn láìkọ orúkọ ẹnì kankan sílẹ̀, tí kì í sì í ṣi owó san. Òdì kejì bàbá yẹn ni Bọ̀dá wa. Kò sí ohun tí kò kọ sílẹ̀: orúkọ ìwé, orúkọ òǹkọ̀wé, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ tó parí rẹ̀, ìràwọ̀ mélòó ló fún un. Ọjọ́ tí èèyàn bá wá gba àjọ ni kì í sí kọ́bọ̀ nílẹ̀.

Ìwé kan wà tó ti mọ Bọ̀dá tinú-tòde. The History of the Yorubas ti Samuel Johnson ló máa ń wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú àwòrán, nítorí òun ló nípọn jù. Ọdún 1897 ni Johnson parí rẹ̀. Àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ nílùú òyìnbó sọ ọ́ nù, Johnson fúnra rẹ̀ kú lọ́dún 1901, dókítà Obadiah àbúrò rẹ̀ ló tún fi àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù tò ó, ó sì di 1921 kó tó jáde. Ìwé tó ti lo ọdún 24 lọ́nà kò ní kánjú mọ́, sùúrù ló fi ń dúró de Bọ̀dá. Gbogbo oṣù Kìn-ín-ní ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Rìsíìtì POS tó fi sàmì sí i ṣì wà níwájú-níwájú, níbi tí Johnson ti ń ṣàlàyé bí a ṣe ń kọ lẹ́tà èdè Yorùbá. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé ohun tí wọ́n tẹ̀ sára rìsíìtì náà ti parẹ́. Nínú ìwé ti Bọ̀dá, Odùduwà ò tíì dé, Ọ̀yọ́ Ilé ò tíì tú, ẹnikẹ́ni ò tíì yìnbọn lójú ogun Kírìjì.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, kì í ṣírò ìwé. Lọ́sàn-án Sátidé kan nínú oṣù Kọkànlá, iná ò sí, fóònù ti kú, ló bá fa Àgbàlagbà Akàn ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí yọ nínú òkìtì ìwé ọkọ rẹ̀. Ẹ̀wà wà lórí iná. Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, gbá tọ àwọn ọ̀daràn, Ìyá Ìbejì náà gbá tọ Lápàdé. Òórùn ló lé Bọ̀dá jáde nínú yàrá.

"Ìyá Ìbejì! Ẹ̀wà ń jóná!"

"Ẹ bá mi sọ̀ ọ́, Bàbá Ìbejì. Ó ku díẹ̀ kọ́wọ́ bà wọ́n."

Bọ̀dá sọ ìkòkò kalẹ̀. Kò bínú. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù, ìwé mọ́kànlá ló sì wà lọ́rùn òun. Ó wá jókòó ti ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Bó o bá ti parí ẹ̀, sọ ìtàn náà fún mi. Màá kọ ọ́ sílẹ̀."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Ìbejì sọ ọ́ fún un. Ó ń fi ohùn àwọn ọ̀daràn sọ̀rọ̀, ó dìde lórí ibùsùn kó lè fi ìrìn Lápàdé hàn án. Nígbà tó ku bíntín, ó dákẹ́. "Èyí tó kù, ẹ lọ kà á." Bọ̀dá ò kà á. Ìràwọ̀ márùn-ún ló fún un.

Ọjọ́ kejì Kérésìmesì, wọ́n lọ kí àwọn àna ní Ọ̀yọ́. Bàbá ìyàwó, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó sórí àga rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bọ̀dá dọ̀bálẹ̀.

"Ọmọ mi, dìde. Wọ́n ní o ka ìwé 52."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Ṣé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀ sà. Nọ́ńbà 49."

Ojú bàbá tàn. Láti kékeré ló ti ń ka ìwé Fágúnwà yìí, tó jáde lọ́dún 1938. "Ó káre. Nígbà tí wọ́n dé Òkè Láńgbòdó, nínú gbogbo ohun tí Ìrágbèje bá wọn sọ, èwo ló wọ̀ ọ́ lára jù?"

Bọ̀dá fọ̀nà ọ̀fun mọ́. "Bàbá, ẹ̀kọ́ ńlá ni. Ẹ̀kọ́ nípa aṣáájú rere. Pé kéèyàn má jẹ́ kó sú òun."

Bàbá wò ó títí. "Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn ń kọ́? Kí ni nǹkan ìjà tiẹ̀?"

"Ìbọn ni sà. Ọdẹ kúkú ni wọ́n."

"Ìbọn." Bàbá kọjú sí ilé ìdáná. "Ẹ bá mi fẹran kún oúnjẹ ọkọ Ìyá Ìbejì. Ó ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lọ́dún yìí."

Lálẹ́ àìsùn ọdún tuntun, Bọ̀dá kọ ìpinnu rẹ̀ sórí bébà: ìwé 15 lórí owó, 15 lórí bí a ṣe ń darí èèyàn, 10 ní èdè Yorùbá kí èdè má bàa kú, 10 tó jẹ́ ìtàn àròsọ, 9 fún ẹ̀mí, àti Johnson. Pásítọ̀ ní kí oníkálukú na bébà rẹ̀ sókè. Ẹni tó wà lápá ọ̀tún ń tọrọ ọmọ, ẹni tó wà níwájú ń tọrọ físà, Bọ̀dá ń làágùn, ó ń tọrọ ìwé mẹ́jọ lé sí i. Kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti bẹ̀rẹ̀ ti àkọ́kọ́, ìwé tó ń kọ́ni béèyàn ṣe lè máa ka ìwé púpọ̀. Irú rẹ̀ ló fi ń ṣí ọdún lọ́dọọdún.

Àwa tó ń fi í rẹ́rìn-ín yìí, ẹ jẹ́ ká rọra. Ìgbà wo la ra ìwé kẹ́yìn, yàtọ̀ sí èyí tí iléèwé ọmọ fi tipátipá tà fún wa? Àwọn tó ń ta ògbólógbòó ìwé ní Ojúẹlẹ́gba mọ Bọ̀dá lójú, oníbàárà gidi ni. Òun ló ra Òkédìjí tí ẹ̀wà fi jóná. Bó bá jẹ́ pé ìwé tí Bọ̀dá máa kà dénú nìkan ló ń rà, pálọ̀ rẹ̀ ì bá mọ́ tónítóní, Ìyá Ìbejì ì bá sì ti jókòó nínú òkùnkùn lọ́jọ́ náà, kó máa wo fóònù tó kú. Ìwé tí ọkọ kò ráyè ṣí lè jẹ́ èyí tí ìyàwó ò ní ráyè pa dé.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní ìwé tí ẹ fẹ́ tà, ẹ wá Bọ̀dá lọ. Kì í yọwó púpọ̀, pàápàá láti oṣù Kọkànlá lọ, bí ìwé náà bá ṣáà ti tẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ní kí ẹ yá òun, ẹ ní ọmọ ti ya á. Ìwé tó bá ti wọ inú àwòrán yẹn kì í tètè jáde mọ́. Ẹ tà á fún un; ẹ má yá a.