Ìrókò Kọ̀ Jálẹ̀

Káfíńtà kan ló bí mi nínú. “Ẹ padà wá lọ́la” rẹ̀ kò tán títí ọdún Kérésì fi kù sí dẹ̀dẹ̀. Ni mo bá ra ráútà tèmi, ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀bẹ tó ń yí gé etí pákó, mo gbé pákó ìrókò lé orí bẹ́ǹṣì, mo ní tábìlì ìjẹun ilé mi, ọwọ́ èmi fúnra mi ló máa ti jáde.

Téèyàn bá wo ọ̀bẹ ráútà láti òkè, bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ ló ń yí. Nítorí náà, tí etí pákó bá kọjú sí ẹni, láti òsì là ń tì í lọ sí ọ̀tún, kí igi lè máa kọ̀ fún ọ̀bẹ. Èmi bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún; ibẹ̀ ni wáyà iná gùn dé. Kàkà kí ọ̀bẹ gé igi, ńṣe ló fi eyín gùn ún lọ. Ráútà já bí ewúrẹ́ tó já okùn, mo dì í mú, mo ń sáré tẹ̀lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì. Owó mi ni mò ń lé.

Eré rẹ̀ ńkọ́? Mo ti yí i dé òpin: 24,000 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan. Ọ̀bẹ tó fẹ̀ ní mìlímítà 12 lè gba ìyẹn. Ti mìlímítà 50 ni mo kì bọ̀ ọ́, tí etí rẹ̀ á fi máa sá ju mítà 60 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nǹkan bí ìdajì eré yẹn ló yẹ ẹ́. Ẹ̀rù igbe rẹ̀ wá mú mi máa rọra tì í, ọ̀bẹ ń ra igi lára láìgé e, etí pákó dúdú, èéfín sọ. Aládùúgbò yọjú lórí ògiri: “Bàbá ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹran lẹ̀ ń sun ni?”

Mo bínú, mo ń tì í kíákíá. Etí pákó wá rí gbágungbàgun. Mo ní kí n fá a, ìrókò tún kọ̀: ìlà ara rẹ̀ ń lọ síwá sẹ́yìn nínú pákó kan náà, bí ibì kan ṣe ń dán ni ìkejì ń ya. Mo di ẹ̀bi ru òkúta tí ìrókò máa ń fi pamọ́ sínú, tó máa ń ba ẹnu ọ̀bẹ jẹ́. Mo wá a títí. Kò sí òkúta.

Ibi tó ya, mo gé e dànù. Ibi tó jó, mo gé e dànù. Nígbà tí mo kan ẹsẹ̀ mọ́ èyí tó kù, ìyàwó mi gbé àwo ẹ̀bà lé e, ó wá ibi tí ọbẹ̀ máa gbà, kò rí i.

“Bàbá ìbejì,” ó ní, “àpótí yìí mà ga jù o.”