Ọmọ Ìyá Aláṣọ Ti Lọ sí Aro

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó fi iyọ̀ sí i: orí ọmọ Ìyá Aláṣọ kò dàrú. Lóòótọ́ ló lọ sí Aro, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà l'Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ló bá lọ. Dókítà ni nígbà tó wọlé síbẹ̀, dókítà náà ni títí di òní. Ẹni tó bá gbọ́ òmíràn lẹ́nu Ìyá Onígaàrí, kó yáa dá a padà fún un.

Ẹ ṣáà mọ àgbàlá wa ní Treichville, Àbíjàn, yìí. Yàrá yí i po, ẹ̀rọ omi kan ló wà láàárín, ògiri ò sì nípọn. Bí ènìyàn bá sín ní yàrá ẹnu ọ̀nà, yàrá ìkẹyìn ni wọ́n ti ń kí i pẹ̀lẹ́. Alẹ́ tí ọmọ náà pè, Ìyá Aláṣọ gbé ohùn fóònù sókè pátápátá nítorí etí tí ò gbọ́ dáadáa mọ́, gbogbo wa sì ṣe bí ẹni tó ti sùn. Ọmọ ní, "Màámi, mo ti fi iṣẹ́ abẹ sílẹ̀ o. Aro ni mo wà báyìí." Ibẹ̀ gan-an ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì já.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ ti dé ọjà. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti gba orí afárá kọjá sí Adjamé. Lálẹ́, Ejigbo ní Nàìjíríà pè: ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà ní àgbo ti wà lórí iná. Ẹ má rẹ́rìn-ín, wọ́n fi odidi kẹ́ẹ̀gì ránṣẹ́ nínú bọ́ọ̀sì tó ń gba Kùtọnu, Lomé àti Accra bọ̀ níhìn-ín. Ọmọ wà l'Abẹ́òkúta, àgbo ń bọ̀ ní Àbíjàn! Wọ́n ní nígbà tí wọ́n dé bodè Noé, aṣọ́bodè ní kí wọ́n ṣí i wò. Wọ́n ṣí i. Ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dé e padà fúnra rẹ̀, ó sì ní kí dẹ́rẹ́bà máa lọ láìgba kọ́bọ̀. Dẹ́rẹ́bà ní láti ọjọ́ tí òun ti ń gba bodè, òun ò rí irú rẹ̀ rí.

Ẹ má dá wọn lẹ́bi jù. Níhìn-ín náà, bí ẹ bá ní ẹnìkan wà ní Bingerville, ta ní máa bi yín pé ilé ló ń kọ́ ni àbí oko ló ń ro? Nítorí ilé ìwòsàn àwọn tí orí ń yọ lẹ́nu ni gbogbo ìlú ṣe di orúkọ èébú.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àìsàn ló bí ariwo náà, aṣọ ni. Treichville níbí ni wọ́n bí ọmọ yẹn. Nígbà tó tó ilé ìwé, wọ́n dá a padà sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ejigbo kó lè gbọ́ òyìnbó Nàìjíríà, bí gbogbo wa ti ń ṣe fún ọmọ wa. Ó ka ìṣègùn ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó yege, ó bọ́ sí ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn ńlá kan. Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ gbọ́ "iṣẹ́ abẹ", ó lọ yan áńkárá aláwọ̀ aró tí a ó fi ṣàjọyọ̀ ọjọ́ tí ọmọ bá di kọ́nsọ́tántì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ìyá Onígaàrí ti san ju ìdajì lọ. Ẹ ti wá mọ ìdí tí òun kò fi sùn lálẹ́ ìpè yẹn.

Èmi náà rò pé bí ènìyàn bá ti di dókítà, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Rẹ́sídẹ́ńsì ṣì ń bẹ níwájú: ìjọba gbà ọ́ síṣẹ́, ò ń gbowó oṣù, ò ń wo aláìsàn tọ̀sán-tòru, síbẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ́ lábẹ́ àwọn kọ́nsọ́tántì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn ti Nàìjíríà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979 ń ṣe ìdánwò tirẹ̀, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ń ṣe tiwọn. Praímárì lo máa kọ́kọ́ yege, kó tó kan apá kìn-ín-ní, kó tó kan apá kejì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni. Ọmọ wa ti lo bí ọdún mẹ́ta nídìí ọ̀bẹ kó tó yà.

Kí ló dé tó fi yà? Nígbà tí ìyá rẹ̀ rí i pè padà, ó sọ ọ́. Ọlọ́kadà kan ni wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Iṣẹ́ abẹ náà dára, ojú ọgbẹ́ gbẹ, wọ́n ní kó máa múra ilé. Ọkùnrin náà kọjú sí ògiri, kò jẹun, kò fọhùn. Ọmọ wa á fa àga sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lálẹ́, á jókòó tì í, títí ọ̀gá fi bá a níbẹ̀ tó sì ní, "Iṣẹ́ tiwa ti tán lára ẹni yìí." Ọmọ ní ọjọ́ yẹn ni òun mọ̀ pé ibi tí iṣẹ́ wọn tán sí ni tòun ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn ni pé kò bínú fò sókè. Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó rí òmíràn. Praímárì iṣẹ́ abẹ tó ní lọ́wọ́ kò wúlò fún ẹ̀ka ọpọlọ, ó ní láti ṣe ti ibẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí náà àárín iṣẹ́ òru ló ti ń kàwé. Ó yege, ó dúró de àyè ní Aro, wọ́n sì pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Àṣìṣe kan ṣoṣo ló ṣe: kò tètè sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Ògiri àwọn dókítà náà ò nípọn o! Ẹnu ẹlòmíràn ni ọ̀gá ti gbọ́, ó sì bá a yodì fún ọjọ́ mélòó kan. Bẹ́ẹ̀ lẹ́tà ọ̀gá yìí náà ni ibi tuntun ń béèrè. Ó lọ dọ̀bálẹ̀, ó ṣàlàyé, ọ̀gá sì kọ lẹ́tà náà, ó tiẹ̀ kọ ọ́ dáadáa. Àwọn ọ̀rẹ́ kan ti gbà á nímọ̀ràn pé kó gba ìsinmi kó má padà. Ó kọ̀. Ó fún wọn ní ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ ní oṣù kan ṣáájú. Bí orúkọ ẹni bá wà nínú ìwé owó oṣù méjì, ẹjọ́ ni.

Ọmọ Tantie tó ń ta attiéké lẹ́nu ọ̀nà, tí òun náà ń ṣe interne, ní nílẹ̀ Faransé òfin gbà ọ́ láyè láti yí ẹ̀ka padà lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n ń pè é ní droit au remords. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka tí ipò rẹ nínú ìdánwò ìbá ti gbé ọ dé lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ yan ẹ̀ka nìkan lo lè yà sí. Ẹ ò rí i, àbámọ̀ pàápàá ní ipò tirẹ̀! Ní Amẹ́ríkà ńkọ́? Iye ọdún tí owó ìjọba ń gbé ní kíkún, orí ẹ̀ka àkọ́kọ́ ni wọ́n ti kà á; bí o bá yà, ilé ìwòsàn tuntun máa ṣírò rẹ dáadáa kó tó gbà ọ́.

Ìyá Aláṣọ kò gbọ́ gbogbo ìyẹn. Ẹkún ló ń sun, pé ọdún mẹ́ta ọmọ òun ti ṣòfò. Bàbá Télọ̀ ló tù ú nínú. Ó bi í bóyá ó gbọ́ orúkọ Adéoyè Lambo rí, ọmọ Abẹ́òkúta tó jẹ́ olórí Aro nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1954. Lambo kì í ti gbogbo aláìsàn mọ́lé: inú abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká ni ó ń fi aláìsàn wọ̀ sí pẹ̀lú ẹbí wọn, wọ́n á wá gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n á padà sílé lálẹ́. Ó sì ń fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ó di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé ní Geneva.

Ẹkún dáwọ́ dúró. "Geneva? Ṣé èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Paris?"

Bàbá Télọ̀ ní kò jìnnà púpọ̀.

Ní tèmi o, ọdún mẹ́ta yẹn kò ṣòfò. Dókítà orí tó mọ bí egbò ara ṣe ń dùn, èmi yóò bá a lọ. Ẹni tó bá ń fẹ́ kó padà sídìí ọ̀bẹ, kó lọ mú ọ̀bẹ náà fúnra rẹ̀.

Aṣọ náà kò yí padà, ọjọ́ rẹ̀ ló sún síwájú. Ìyá Aláṣọ ní òun ò ní dá owó ẹnikẹ́ni padà, Ìyá Onígaàrí pàápàá, àti pé kí àwọn tó ṣì jẹ díẹ̀ mú un wá kí oṣù yìí tó parí.