Adìẹ Inú Gáréèjì

Nílé wa ní Houston, èmi ni ọ̀gá ilé-ìwé, èmi ni tíṣà, èmi náà sì ni alásè. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè sátífíkéètì. Láti ìgbà tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Texas ti dá ẹjọ́ Leeper lọ́dún 1994, ilé-ìwé aládàáni ni wọ́n ń ka ilé tí òbí ti ń kọ́ ọmọ fúnra rẹ̀ sí. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà kì í ní kí o wá forúkọ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò ju ìwé kíkà, sípẹ́lì, gírámà, ìṣirò àti ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń jẹ́ ọmọ ìlú rere. Ẹni tó bá ní làákàyè á dúró síbẹ̀.

Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló kó bá mi. Àwọn ọmọ rẹ̀ á máa ka Sáàmù ní Látìnì lẹ́yìn ìsìn, ojú wọn á sì wálẹ̀ bí ojú ọmọ gidi. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bi í pé kí ni wọ́n ń jẹ. Ó ní ẹ̀kọ́ àtijọ́ ti Gíríìkì àti Róòmù ni, èyí tí àwọn Kristẹni mú, tí wọ́n gbé ka Bíbélì. Ó fi ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé Dorothy Sayers sọ ní Oxford lọ́dún 1947 ránṣẹ́ sí mi. Mo kà á mọ́jú. Sayers ní ipele mẹ́ta lọmọ ń là kọjá: ti odídẹrẹ́, tó ń há gbogbo nǹkan sórí, ti aláfojúdi, tó ń báni jiyàn lórí gbogbo nǹkan, àti ti akéwì, tó ń wá bó ṣe máa sọ tinú rẹ̀. Odídẹrẹ́ ni kí a kọ́ ní gírámà, aláfojúdi ni kí a kọ́ ní àríyànjiyàn tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, akéwì ni kí a kọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ kó wọni létí.

Mo wo àwọn ọmọ mi, ọmọ ọdún 6, ọmọ ọdún 10 àti ọmọ ọdún 13, mo ní Ẹ̀mí ló ń bá mi sọ̀rọ̀ yìí. Ti aláfojúdi yẹn nìkan ló kọ́kọ́ rú mi lójú, torí nílé tí wọ́n ti tọ́ mi n'Íbàdàn, kì í ṣe ìwé ni wọ́n fi ń wo ipele yẹn sàn. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọmọ kan ṣoṣo ni Sayers fúnra rẹ̀ bí, ìbátan rẹ̀ ló sì bá a tọ́ ọ.

Ìṣirò mi ni pé ọmọ mẹ́ta, páálí ìwé mẹ́ta. Mo ra ti Íjíbítì fún kékeré, mo ra ti Róòmù fún ti àárín, mo ra ti Martin Luther fún àgbà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni àwọn tó tẹ̀ wọ́n. Owó tí mo ná á gbé mi dé Èkó nínú bàálù. Nígbà tí páálí kún pálọ̀, ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì ibi iṣẹ́ lọ́wọ́, ó ní, "Ṣé a fẹ́ ṣí búkúṣọ́ọ̀bù ni?" Mo ní kó lọ wẹ̀.

Bó ṣe di pé èmi nìkan ń sáré la ìtàn ayé já lójoojúmọ́ nìyẹn. Láàárọ̀, à ń fi ṣúgà onígun mọ pírámíìdì. Kí ilẹ̀ tó gbóná, ọ̀gágun Hannibal ti ń da erin gba orí òkè Alps. Tí a bá jẹun tán, a ti dé ọ̀dọ̀ Luther ní Wittenberg, lọ́dún 1517. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oorun ń kùn mí, mo ṣàlàyé fún àgbà tọkàntọkàn pé Hannibal ló kan ẹ̀sùn 95 mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé bíírò rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. "Mọ́mì, ṣé orí erin ló dúró sí kàn án ni?" Ipele kejì nìyẹn. Sayers kò purọ́.

Látìnì tún wá ní wàhálà tirẹ̀. Ìwé kékeré ń pe Látìnì bí ìjọ Àgùdà ṣe ń pè é, ìwé ti àárín ń pè é bí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe gbà pé ará Róòmù ìgbàanì ń pè é. Èmi kò mọ̀ pé ọ̀nà tó wà ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tó kan orúkọ Cicero, ọ̀kan ní Chichero, èkejì ní Kikero, wọ́n sì di aṣọ ara wọn mú nídìí tábìlì nítorí ọkùnrin tó ti kú kí wọ́n tó bí Jésù. Mo dájọ́ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ ẹ̀wà rẹ̀ tán ló jàre.

Ṣùgbọ́n adìẹ ló tú àṣírí mi. Ìwé iṣẹ́ ọwọ́ tó bá ìtàn ayé tí Susan Wise Bauer kọ fún ọmọdé rìn ní kí a mú adìẹ tútù, kí a kùn ún lọ́ṣẹ bí wọ́n ṣe ń kun Fáráò. Iyọ̀ àti sódà ìyan-búrẹ́dì la ó fi ra á, pẹ̀lú èròjà olóòórùn dídùn, a ó sì máa pààrọ̀ iyọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí gbogbo omi ara rẹ̀ á fi gbẹ. Iyọ̀ inú adágún gbígbẹ ni àwọn ará Íjíbítì ń lò. Èmi kò ní èròjà olóòórùn dídùn míì, mo bu kọ́rì àti táìmù sí i. Lẹ́yìn náà mo gbájú mọ́ Hannibal, mo gbàgbé iyọ̀ pátá. Kékeré tètè wé e ní aṣọ funfun, ó gbé e sínú páálí bàtà tó kùn ní àwọ̀ góòlù, ó ya ojú ńlá kan sórí ìdérí, ó gbé e sí gáréèjì. Oṣù kẹsàn-án nìyẹn. Ẹni tó bá mọ ooru Houston ti mọ ìyókù.

Ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Adó-Èkìtì. Màmá wọ gáréèjì lọ bu èlùbọ́. Ohun tí mo gbọ́ ni, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!", lẹ́ẹ̀méje. Kí n tó débẹ̀, páálí ti ṣí, adìẹ tí kò lórí wà nínú aṣọ funfun, Màmá sì ti ń pe pásítọ̀ wọn nílé.

"Ìyàwó mi, ta lẹ ń bọ nínú ilé ọmọ mi?"

"Màmá, ẹ má bínú, iṣẹ́ ilé-ìwé ni."

"Ilé-ìwé wo?"

Àgbà mú Bíbélì wá, ó ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí 50, níbi tí Jósẹ́fù ti ní kí àwọn oníṣègùn kun Jékọ́bù lọ́ṣẹ, tó sì gbà wọ́n ní ogójì ọjọ́. Màmá wọ awò ojú, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n yọ awò náà.

"Bàbá rẹ̀ ni Jósẹ́fù kùn. Kì í ṣe adìẹ. Ẹ gbé e jáde."

Ẹ̀yìnkùlé la sin ín sí. Òróró àdúrà wọ gbogbo igun gáréèjì, ó kan èlùbọ́ náà.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ṣí ìwé *The Well-Trained Mind* tí Bauer àti ìyá rẹ̀, Jessie Wise, gbé jáde lọ́dún 1999. Ó ti wà nílé tipẹ́. Òun ni mo fi ń gbé kọ̀ǹpútà mi sókè tí mo bá ń ṣe Zoom. Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n pín ìtàn sí: ayé àtijọ́, sáà àárín, ìbẹ̀rẹ̀ ayé tuntun, ìgbà tiwa; tó bá parí, a tún bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé tó jinlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ilé tó bá ní ọmọ púpọ̀ lè kó gbogbo wọn sínú sáà kan náà, kí kékeré gbọ́ ìtàn rẹ̀, kí àgbà ka ìwé àwọn tó gbé ayé nígbà náà. Ìṣirò àti Látìnì nìkan ló yẹ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀.

Gbogbo wa ti wà ní Róòmù báyìí. Bàbá ọkọ mi, tó kọ́ Látìnì ní girama, gbọ́ nípa ìjà tábìlì, wọ́n ní àwọn á máa kọ́ wọn lórí WhatsApp ní gbogbo Sátidé. Sísẹ́rò ni Bàbá ń pe Cicero. Àwọn ọmọ wo ara wọn, kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti tún Bàbá ṣe.

Íjíbítì àti Luther wà fún títà. Kò sí ojú ìwé tó ya nínú ti Luther. Ti Íjíbítì náà pé pérépéré, àfi pé kí ẹ kọ́kọ́ sá a sóòrùn díẹ̀.